Kálísíọ̀mù pọ̀ jù ni àbí ó kéré jù nínú ọkàn tó ti rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Wọ́n ní ọkàn bàbá mi ti rẹ̀, kò ti ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́. Digoxin wà lára oògùn tí wọ́n kọ fún wọn. Mo wá lọ kà nípa rẹ̀. Níbì kan, wọ́n ní ṣe ló ń fi kálísíọ̀mù kún inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn kí ọkàn lè súnkì dáadáa. Níbòmíràn, wọ́n ní kálísíọ̀mù tó pọ̀ jù ló ń ba sẹ́ẹ̀lì ọkàn jẹ́. Ẹlòmíràn tún ní ó kéré jù ni. Èwo ni ká gbà? Ṣé àwọn dókítà kàn ń ta tẹ́tẹ́ ni? Àbúrò mi ti ní ká máa ra kálísíọ̀mù oníhóró fún wọn.

* * *

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ òótọ́, ibẹ̀ gan-an ni ìdààmú ti wá. Iye lẹ̀ ń béèrè. Ibi tí kálísíọ̀mù wà àti ìgbà tó wà níbẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ béèrè. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn tó ti rẹ̀, kì í tó nígbà tí ọkàn fẹ́ súnkì, ó máa ń pọ̀ jù nígbà tó yẹ kí ọkàn dẹ̀, ó sì ń gbẹ nínú àpò tó yẹ kó kún. Ẹni tó wọ̀n ọ́n nígbà ìsúnkì á ní ó kéré. Ẹni tó wọ̀n ọ́n nígbà ìsinmi á ní ó pọ̀. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ oníhóró kúrò nílẹ̀. Ara kì í jẹ́ kí kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ lọ sókè sódò bó ṣe wù ú. Parathyroid, àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké tó wà ní ọrùn, ló ń ṣọ́ ọ, òun àti fítámì D àti kíndìnrín. Èyí téèyàn bá gbé mì, apá kan á wọ egungun, apá kan á bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ lọ. Kò sí ọ̀nà tó fi máa lọ kún àpò inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn nítorí pé a ra púpọ̀. Ó yàtọ̀ fún ẹni tí kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an, bí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ní ọrùn fún tí parathyroid rẹ̀ sì bá a lọ. Ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè rẹ̀ nítorí ìyẹn nìkan, ó sì lè kọ́fẹ padà bí wọ́n bá tún un ṣe. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi ìyẹn hàn, kì í ṣe àbúrò. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ bá ga jù lára ẹni tó ń lo digoxin, oògùn náà máa ń tètè di májèlé sí i lára.

* * *

Wọ́n ní kí n ṣàlàyé «àpò» tí mo dárúkọ. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìlùkìkì ọkàn kan ṣoṣo látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Lóde sẹ́ẹ̀lì, sódíọ̀mù tó nǹkan bí 140 mmol/L. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn tó dá ṣáṣá, kò ju nǹkan bí 5 sí 15 lọ. Kálísíọ̀mù tòde fi díẹ̀ lé ní 1 mmol/L, àmọ́ nígbà tí ọkàn bá ń sinmi, èyí tó dá wà nínú omi inú sẹ́ẹ̀lì kò ju nǹkan bí 100 nmol/L (nmol kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mmol). Tòde fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ju tinú lọ. Owó ńlá ni sẹ́ẹ̀lì ń san kí ìyàtọ̀ yìí má bàa bàjẹ́: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tó ń lò ló ń lọ sórí àwọn pọ́ǹpù, ìyókù ló fi ń súnkì.

Iná mànàmáná kékeré á kọ́kọ́ sáré kọjá lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Àwọn ojú ọ̀nà kálísíọ̀mù tó wà lára awọ náà á ṣí, díẹ̀ á wọlé. Díẹ̀ yẹn kò tó mú ọkàn súnkì dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó lọ jí àpò ìpamọ́ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tí wọ́n ń pè ní sarcoplasmic reticulum, kó lè ṣí àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ń jẹ́ ryanodine receptor. Àpò yìí ló ń tú èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Kálísíọ̀mù á dì mọ́ àwọn okùn inú iṣan, ọkàn á súnkì.

Kí ọkàn tó lè dẹ̀, ohun tó wọlé gbọ́dọ̀ jáde, ohun tó kúrò nínú àpò gbọ́dọ̀ padà sínú àpò. Pọ́ǹpù kan tó ń jẹ́ SERCA ló ń fà á padà sínú àpò. Apàṣípààrọ̀ kan, NCX, ló ń tì í síta. Nínú ehoro, tí tirẹ̀ sún mọ́ ti èèyàn, SERCA ń kó nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, NCX ń kó bí 28. Nínú eku, SERCA ń kó 92, NCX ń kó 7 péré. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tẹ́ ẹ bá ka ìròyìn pé oògùn kan ti wo ọkàn eku sàn: iṣẹ́ tí NCX ń ṣe lára eku kéré débi pé oògùn tó dá lórí rẹ̀ lè ṣe dáadáa níbẹ̀ kó sì ṣe ohun mìíràn lára bàbá yín.

(Láàárín ọdún 1882 sí 1883, dókítà Sydney Ringer ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ń lù geerege nínú omi iyọ̀ rẹ̀. Àṣé omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi po iyọ̀ náà, kì í ṣe omi tí wọ́n ti yọ gbogbo èròjà inú rẹ̀. Nígbà tó lo omi tí kò ní nǹkan kan nínú, ọkàn náà kò lè lù mọ́. Kálísíọ̀mù inú omi ẹ̀rọ ló ń gbé e ró látìgbà yẹn. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju ọ̀pọ̀ tó wà nínú ìmọ̀ yìí lọ.)

* * *

Ó wá kan ọkàn tó ti rẹ̀. SERCA máa ń dín kù níbẹ̀. Phospholamban, púrótéènì tó ń dá SERCA lọ́wọ́ kọ́, kì í dín kù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà èyí tó ṣẹ́ kù lára SERCA kò rí àyè ṣiṣẹ́. Àwọn ilẹ̀kùn ryanodine kì í pa dé dáadáa mọ́ nígbà ìsinmi. NCX, ní tirẹ̀, máa ń pọ̀ sí i, ó ń lé èyí tó jò síta. Àpò wá dà bí àmù tó ń jò tí ẹni tó ń pọnmi sí i náà ti rẹ̀.

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí, àwọ̀ kan la máa ń fi sínú sẹ́ẹ̀lì, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á yí padà bí kálísíọ̀mù bá ti gòkè. Ti sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá á ga fìrí, á sì wálẹ̀ fìrí. Ti èyí tó ti rẹ̀ á ga díẹ̀, á wá máa wọ́ bọ̀ wálẹ̀. Kó tó balẹ̀ tán, iná mìíràn á ti dé. Bẹ́ ẹ bá mú un lù yára, ó ń burú sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wo èyí fúnra rẹ̀ kò ní bá yín jà lórí «ó pọ̀» tàbí «ó kéré» mọ́, torí pé méjèèjì ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìyárá yẹn ṣe pàtàkì. Henry Bowditch ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1871 pé bí ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ bá ṣe ń lù yára sí i ni ìsúnkì rẹ̀ ń le sí i. Iṣan ọkàn èèyàn tó dá ṣáṣá ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Nínú èyí tó ti rẹ̀, kì í le sí i, ó tilẹ̀ lè dẹ̀ sí i, nítorí pé àpò kò rí àkókò kún láàárín ìlùkìkì méjì. Ó wà lára ìdí tí aláìsàn fi lè jókòó kó máa tàkúrọ̀sọ fàlàlà, tí àtẹ̀gùn díẹ̀ á sì mú kó máa mí hẹlẹ.

* * *

— «Tó bá jẹ́ sódíọ̀mù ló ń dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń kà, kí bàbá jáwọ́ nínú iyọ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ bùṣe.»

Rárá o. Ohun méjì tó jẹ́ orúkọ kan náà ni wọ́n dà pọ̀ yẹn. Iyọ̀ tí à ń jẹ ń fa omi mọ́ra: òun ló ń wú ẹsẹ̀, òun ló ń kún ẹ̀dọ̀fóró. Sódíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn kò tẹ̀ lé iyọ̀ inú àwo bẹ́ẹ̀. Àwọn ojú ọ̀nà àti pọ́ǹpù ara awọ sẹ́ẹ̀lì ló ń pinnu rẹ̀. Lórí iyọ̀ jíjẹ pàápàá, ẹnu kò kò: nínú ìdánwò SODIUM-HF tó jáde ní 2022, wọ́n ní kí ìdajì àwọn aláìsàn 806 gbìyànjú kí sódíọ̀mù tí wọ́n ń jẹ má tó 1,500 mg lójúmọ́. Ikú àti ìdádúró sílé ìwòsàn kò dín kù ju ti àwọn tí wọ́n kàn fún ní ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún aláìsàn. Ara tu àwọn tó dín in kù díẹ̀, ìyẹn ni wọ́n rí. N kò wí pé kí wọ́n máa bu iyọ̀ jẹ. Mo ní kí wọ́n má rò pé àwo oúnjẹ ló ń darí inú sẹ́ẹ̀lì.

Nínú sẹ́ẹ̀lì náà gan-an, àwọn tó ti wọ̀n ọ́n rí i pé sódíọ̀mù máa ń fi nǹkan bí 2 sí 6 mmol/L ga sí i nígbà tí ọkàn bá ti rẹ̀. Kò jọ nǹkan bàbàrà, àmọ́ NCX kò gbà bẹ́ẹ̀. NCX ń gba sódíọ̀mù 3 wọlé kó tó ti kálísíọ̀mù 1 jáde. Bí inú bá ti kún fún sódíọ̀mù, agbára tó fi ń ti kálísíọ̀mù jáde á dín kù, ó tilẹ̀ lè yí padà kó máa gbé kálísíọ̀mù wọlé nígbà tí iná bá wà lára awọ. Ìyípadà kékeré ní sódíọ̀mù, ìyípadà ńlá ní kálísíọ̀mù.

Ibo ni àlékún náà ti ń wá? Àríyànjiyàn wà níbẹ̀. Àwọn kan ní ojú ọ̀nà sódíọ̀mù kì í tètè pa dé mọ́, ó ń jẹ́ kí díẹ̀ máa wọlé lẹ́yìn tó yẹ kó ti tì. Àwọn kan ń tọ́ka sí NHE1, púrótéènì ara awọ kan tó ń gba sódíọ̀mù wọlé láti fi lé ásíìdì jáde. Àwọn mìíràn ní pọ́ǹpù sódíọ̀mù ló ti rẹ̀. Àwọn tó wọ̀n ọ́n lára ehoro ní 2002 ní pọ́ǹpù kò ṣe nǹkan kan, àbáwọlé ló pọ̀ jù. Èmi náà fara mọ́ àbáwọlé.

* * *

Ìjà gidi nìyí o: ṣé àlékún sódíọ̀mù yìí ń ran ọkàn lọ́wọ́ ni tàbí ó ń pa á?

Àwọn tó ní ó ń ràn án lọ́wọ́ ń sọ pé SERCA ti rẹ̀, àpò ń gbẹ. Bí sódíọ̀mù bá dí NCX lọ́wọ́ díẹ̀, kálísíọ̀mù tí ì bá sá jáde á dúró nílé, àpò á rí nǹkan fà mọ́ra. Ọkàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí digoxin ń ṣe. Òótọ́ ni.

Àwọn tó ní ó ń pa á ní ẹ̀rí méjì. Èkíní, mitochondria, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára, nílò kálísíọ̀mù díẹ̀ nínú ara wọn kí wọ́n lè mọ̀ pé iṣẹ́ ti pọ̀ sí i. Bí sódíọ̀mù bá ga, a máa lé kálísíọ̀mù yẹn jáde kúrò nínú wọn. Ọkàn ń sáré, agbára kò bá a sáré, irú àwọn ọ́síjìn kan tó ń jó sẹ́ẹ̀lì lára sì ń pọ̀. Èkejì, bí àpò bá tú kálísíọ̀mù sílẹ̀ nígbà ìsinmi, NCX ló máa kó o jáde, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù 3 fún 1 túmọ̀ sí pé iná díẹ̀ ń wọlé ní gbogbo ìgbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìyẹn bá pọ̀ tó, ó lè dá ìlùkìkì tí ẹnikẹ́ni kò pè sílẹ̀. Ọ̀nà kan nìyẹn tí ọkàn tó ti rẹ̀ ń gbà dá dúró lójijì.

Èrò tèmi ni pé ìyárá ló ń pààlà. Bí ọkàn bá rọra ń lù, èrè náà ju àdánù lọ. Bó bá ń sáré, àdánù ló pọ̀. Oògùn tó dára fún ẹni tó jókòó lè máà dára fún ẹni tó ń sáré.

* * *

— «Tó bá jẹ́ jíjò kálísíọ̀mù ni, kí ló dé tí wọn ò kàn lo àwọn oògùn tó ń dí ojú ọ̀nà kálísíọ̀mù? Wọ́n ń fi í wo ẹ̀jẹ̀ ríru.»

Torí pé ibi tí wọ́n ń dí kọ́ ló ń jò. Verapamil àti diltiazem ń dí ẹnu ọ̀nà ara awọ, ibi tí ìpè ti ń wọlé. Ìsúnkì tó ti kù díẹ̀ káàtó tẹ́lẹ̀ á wá tún rẹ̀ sí i. Wọn kì í fún ẹni tí ìsúnkì ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀. Jíjò náà wà ní inú, lẹ́nu àpò.

* * *

Ó kan digoxin tó gbé wa débí. Dókítà William Withering ti tẹ ohun tó mọ̀ nípa ewé foxglove, tí irú oògùn yìí ti wá, jáde ní 1785, kò sì mọ ohun tí ewé náà ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì rárá. Ní 1957 ni Jens Skou rí pọ́ǹpù tó ń ti sódíọ̀mù 3 jáde tó sì ń gba pòtásíọ̀mù 2 wọlé. Ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1997. Pọ́ǹpù yẹn ni digoxin ń dí. Sódíọ̀mù á ga díẹ̀, NCX á rọ̀, àpò á kún, ọkàn á súnkì dáadáa.

Ọdún 1997 kan náà ni èsì ìdánwò DIG jáde: aláìsàn 6,800, ikú kò dín kù, kò sì pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n tún gbé lọ sílé ìwòsàn nítorí ọkàn dín kù. Nígbà tí wọ́n padà wo ìwọ̀n inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀, àwọn tí tiwọn wà láàárín 0.5 sí 0.8 ng/mL kú kéré, àwọn tí tiwọn tó 1.2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kú púpọ̀. Nínú ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ láti òkè, kò yani lẹ́nu: díẹ̀ ń kún àpò, púpọ̀ ń mú àpò kún àkúnwọ́sílẹ̀ débi tí á fi máa tú nígbà ìsinmi. Ní 2025, ìdánwò DIGIT-HF wo digitoxin, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ikú àti ìdádúró nílé ìwòsàn dín kù bí wọ́n bá ka méjèèjì pọ̀. Àwọn tó ti ń pe irú oògùn yìí ní ohun àtijọ́ ní láti tún ọ̀rọ̀ wọn gbé yẹ̀ wò.

Nítorí náà, kì í ṣe tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n àyè tó wà láàárín èrè àti ewu kò fẹ̀. Ẹ bi dókítà pé kí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń fún nítorí kí ọkàn tó ń lù ségesège lè rọra lù, kì í ṣe nítorí ìsúnkì.

* * *

— «Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọn ò wá oògùn tó máa fún ọkàn lágbára ju digoxin lọ?»

Wọ́n wá a. Milrinone ń ti kálísíọ̀mù wọlé gan-an. Nínú ìdánwò PROMISE, 1991, ikú fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń gbé e mì. Àmọ́ àwọn oògùn beta-blocker, tó ń mú ọkàn rọra ṣiṣẹ́, ló wá dín ikú kù: bisoprolol fi nǹkan bí ìdá 34 dín in kù nínú CIBIS-II, 1999. Lára ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fún àpò ní àkókò, jíjò náà sì ń dín kù. Ẹni tó bá ti di iye mú kò lè rí ìdí èyí láéláé.

Wọ́n tún gbìyànjú láti fi fáírọ́ọ̀sì gbé jíìnì SERCA wọ inú ọkàn. Ìdánwò kékeré àkọ́kọ́ mú inú dùn. CUPID 2, pẹ̀lú aláìsàn 250, kò rí àǹfààní kankan. Àwọn kan ní jíìnì tó wọ sẹ́ẹ̀lì kò tó nǹkan, ó sì jọ bẹ́ẹ̀. Èròǹgbà náà kò tíì kú.

Lórí ohun tó ń mú ilẹ̀kùn ryanodine jò, yàrá ìwádìí kan di ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ PKA mú láti 2000, ọ̀pọ̀ yàrá mìíràn kò rí ohun tí wọ́n rí. CaMKII, ẹ́ńsáìmù mìíràn tí kálísíọ̀mù ń jí, ni èmi ń fi ojú sí, torí pé sódíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti òun ń ti ara wọn lẹ́yìn: CaMKII ń jẹ́ kí sódíọ̀mù máa yọ́ wọlé, sódíọ̀mù ń gbé kálísíọ̀mù sókè, kálísíọ̀mù ń jí CaMKII.

* * *

Ẹni tó béèrè nípa àwọn oògùn ìtọ̀ ṣúgà, dapagliflozin àti empagliflozin: wọ́n ṣiṣẹ́, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Nínú DAPA-HF, 2019, aláìsàn 4,744, ikú ọkàn tàbí kí àìsàn náà le sí i fi ìdá 26 dín kù, bóyá èèyàn ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí kò ní. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń jà sí. Ní 2017 àwọn kan ní empagliflozin ń dí NHE1 kí sódíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn lè dín kù. Ní 2021 àwọn mìíràn tún un ṣe, wọn kò rí i. SGLT2, púrótéènì tí oògùn náà ń dí nínú kíndìnrín, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ọkàn rárá. Èmi kò ní fi orí mi sílẹ̀ fún àlàyé NHE1 yẹn. Wọ́n ti fi cariporide dí NHE1 tààrà lára àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, àrùn rọpárọsẹ̀ pa èèyàn púpọ̀ sí i, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

* * *

— «Èmi tí mo béèrè ni. Ẹ ṣeun. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí oúnjẹ kò wu bàbá mi, èébì ń gbé wọn, wọ́n ní àwọ̀ ìyeyè ń bo ojú àwọn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní ká wá.»

Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ gbé wọn lọ lónìí. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà yẹn ni digoxin tó ti pọ̀ jù lára máa ń fà, ó sì lè mú ọkàn lù ségesège láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ má fún wọn ní digoxin tó kàn títí dókítà á fi rí wọn. Ẹ sọ aago tí wọ́n lo èyí tó kẹ́yìn, torí pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi wọn digoxin gbọ́dọ̀ tó wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ kí ìwọ̀n náà tó lè péye. Ẹ ní kí wọ́n wo pòtásíọ̀mù àti kíndìnrín pẹ̀lú: oògùn tó ń mú wọn tọ̀ lè ti fa pòtásíọ̀mù wálẹ̀, digoxin a sì máa rí àyè dí pọ́ǹpù náà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi amiodarone, verapamil tàbí clarithromycin kún oògùn wọn láìpẹ́, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó jókòó.